OHÙN ÌYÁ ÀGBÀ TI Ń KÚ SÍNÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ! Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti káàdì ohùn kékeré lè gbà á là

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo orí àjà. Ṣàṣà ni agboolé kan, láti Ìsẹ́yìn dé Òkehò, láti Ìgbòho dé Ṣakí, tí ẹ ò ní í bá páálí bàtà kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Fújì wà níbẹ̀, wáàsí wà níbẹ̀, orin tí wọ́n fi ṣe ìnáwó ẹgbẹ́ ní ọdún kan báyìí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín wọn náà ni kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí kò ní orúkọ lára, tí ẹnikẹ́ni kò rà l'ọ́jà. Rédíò alágbèéká ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ l'ọ́jọ́ tí ọmọge kan ń sunkún ìyàwó lọ s'ílé ọkọ, tàbí l'ọ́jọ́ tí àwọn ọdẹ ń sun ìjálá níbi òkú bàbá àgbà. Olóhùn ti lọ. Ohùn ló kù. Ohùn ọ̀hún náà sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ o!

Ẹ má pè é ní àsọdùn. Kí ni kásẹ́ẹ̀tì gan-an? Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ lára. Ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Holland ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1963, ọ̀gbẹ́ni Lou Ottens ló sì ṣáájú àwọn tó ṣe é. Kò pẹ́ tó fi délé dóko, nítorí kò wúwo, kò fọ́ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní rédíò lè fi gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ àtè yẹn kì í pẹ́ títí láé. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn Ṣakí ń yọ́ ọ, ọ̀rinrin òjò ń jẹ ẹ́, eruku ọyẹ́ sì ń bu ú lára. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní 1984 ti lé l'ógójì ọdún. Ìgbà mìíràn, ẹ ó fi sínú rédíò, ẹ ó kàn gbọ́ "ṣììì", ohùn á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìgbà mìíràn rédíò á gbé ọ̀rá náà jẹ pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lára ọ̀rá yẹn, ìwé ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ ìwé ńlá lórí ìjálá, ó jáde ní 1966, ọpẹ́ ni fún un. Ṣùgbọ́n ìwé gbé ọ̀rọ̀, kò gbé gbígbọ̀n ohùn. Kò gbé bí ọlọ́hùn ṣe mí kanlẹ̀ kó tó pe orúkọ baba rẹ̀.

"MÀÁMI, IHÒ RẸ̀ TI BÀJẸ́"

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú kásẹ́ẹ̀tì báyìí tọ àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde nìyí:

"Màámi, kọ̀ǹpútà yìí ò gbọ́hùn mọ́."

"Kí ló dé tí kò gbọ́?"

"Ihò tí wọ́n ń ki wáyà ohùn bọ̀ ló ti bàjẹ́, mà. Tòkunbọ̀ ni."

"Ṣé ká wá máa lọ nìyẹn, ọmọ mi?"

Ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n máa lọ. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n jókòó. Nítorí ìwòsàn rẹ̀ ò tó nǹkan: káàdì ohùn tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ń ki fláàṣì sí, ibi tí wọ́n ń pè ní USB. Òmíràn ò ju àtàǹpàkò lọ. Bó bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà ti ní etí tuntun àti ẹnu tuntun nìyẹn, tibi tó kú á wà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni káàdì yìí ń ṣe? Kọ̀ǹpútà ò mọ orin, kò mọ ẹkún. Òǹkà nìkan ló mọ̀. Iná tó ń jáde látinú rédíò kásẹ́ẹ̀tì ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí ohùn ṣe ń ṣe. Káàdì yìí ló ń wọn iná ọ̀hún, tó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn á yé. Fọ́nrán òwú kan ò jọ nǹkan kan l'ọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ahunṣọ bá ti tò wọ́n pọ̀ tán, ojú ò rí òwú mọ́, aṣọ ló ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí ò ní í gbọ́ òǹkà, ohùn ìyá àgbà ló máa gbọ́.

Ọ̀WẸ̀ NI LINUX

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà nígboro, Windows tó wà nínú wọn ti di arúgbó. Ilé iṣẹ́ Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe Windows XP láti 2014, ti Windows 7 láti oṣù kìíní 2020, ti Windows 10 fún gbogbo ayé ní oṣù kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ náà á máa wọ́ bí ìgbín. Ṣé kí wọ́n wá sọ ọ́ nù ni? Rárá o. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Linux.

Ẹni tó bá mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ ti mọ Linux tán. Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ló pe ọ̀wẹ̀ náà ní 1983, pé kí àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà wá jọ ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni kò ní í fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ní 1991, ọmọ iléèwé kan tó ń jẹ́ Linus Torvalds, n'ílùú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé ọkàn ètò náà wá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá rí ibi tó ń jò á dí i, á sì fi han ẹlòmíràn. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú ẹni tó bá dà á kọ fún aládùúgbò rẹ̀. Àwọn tó ń ta ayédèrú Windows fún èèyàn l'ówó iyebíye, ó yẹ kí ojú ti wọn díẹ̀.

Èyí tó dára fún kọ̀ǹpútà àgbà ni Debian. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i! Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti láéláé tí wọ́n ń pè ní 32-bit, Debian 12 tó jáde ní 2023 ni kí wọ́n fi sí i, nítorí Debian 13 ti oṣù kẹjọ 2025 kò ní ètò ìgbékalẹ̀ fún irú rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ 64-bit, èyí tó wù wọ́n ni kí wọ́n lò.

IBI TÍ ỌMỌ IṢẸ́ TI Ń ṢÌNÀ

Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn pé á nílò síídì tó ń bá káàdì wá. Kò nílò rẹ̀. Láti 1998 ni àwọn tó ń ṣe USB ti fẹnu kò lórí èdè kan tí gbogbo káàdì ohùn á máa sọ, èdè náà sì ti wà nínú Linux. ALSA ni wọ́n ń pe apá tó ń bójú tó ohùn níbẹ̀. Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, ó sì ti wọ inú Linux 2.6 tó jáde nígbà tí 2003 ń lọ sópin. Nítorí náà káàdì tó bá ń sọ èdè gbogboògbò yẹn, kíkì bọlé ni.

Wàhálà wà níbòmíràn. Káàdì tó bá kọ̀ǹpútà wá ni Linux sábà ń pè ní 0, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á di 1. Kọ̀ǹpútà á wá máa bá òkú 0 sọ̀rọ̀ lọ, kò ní í kọbi ara sí 1. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé káàdì ò dára, tí wọ́n á dá a padà fún ẹni tó tà á, tí ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ káàdì kọ́!

Kí ọmọ iṣẹ́ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kó tẹ <i>arecord -l</i>. Bó bá rí "USB Audio" níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ti mọ àlejò rẹ̀, kó wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá rí i, kó tẹ <i>lsusb</i> láti mọ̀ bóyá iná dé inú káàdì rárá, tàbí kó ki í bọ ihò USB mìíràn. Lẹ́yìn náà, <i>alsamixer</i>. F6 ló máa fi mú káàdì tuntun, F4 ló máa fi dé ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Bó bá rí MM, ẹnu rẹ̀ dí nìyẹn, kó tẹ M láti là á. Kó sì fi bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ tan gbígbà ohùn. Káàdì olówó pọ́ọ́kú sábà ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Auto Gain Control. Kó pa á! Òun ló ń gbé ohùn sókè nígbà tí ìyá àgbà bá dákẹ́, tí ariwo á bo gbogbo rẹ̀, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìlù bá ń dún.

Kó wá dán an wò: <i>arecord -D plughw:1,0 -f cd -d 10 idanwo.wav</i>. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni. Bí ohùn bá jáde nígbà tó bá fi <i>aplay</i> gbọ́ ọ, iṣẹ́ ti bọ́ sójú ọ̀nà. Audacity, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kó fi gba kásẹ́ẹ̀tì gan-an. Kó má sì gbàgbé láti mú USB níbẹ̀, kó má tún lọ gbọ́ 0.

Ọ̀rọ̀ nípa káàdì tí wọ́n máa rà: èyí tó dà bí àtàǹpàkò, ihò gbohùngbohùn ló sábà ní, etí kan ṣoṣo ló sì fi ń gbọ́. Fún kásẹ́ẹ̀tì tí rédíò ilé fi gbohùngbohùn kan gbà, ó tó, kí wọ́n ṣáà yí ohùn rédíò wálẹ̀ gidigidi kí iná má baà pọ̀ jù fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin tó ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí wọ́n wá èyí tó ní ihò pupa àti funfun, irú Behringer UCA202. Ẹni tó ní páálí mẹ́ta nílé, ìyẹn ni kó rà.

TIGER HEAD SÀN JU JẸNẸRÉTỌ̀ LỌ

Kí wọ́n tó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, kí wọ́n fi òwú àti spírítì nu orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà tó ń yí i. Kí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì síwájú títí, kí wọ́n sì yí i padà. Bí ọ̀rá bá tú, gègé bírò ló ń ká a, àwọn àgbà mọ èyí.

Ṣé ẹ mọ "hùùùù" tó máa ń wà lábẹ́ ohùn? Iná NẸ́PÀ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ló sábà ń fa á, nígbà tí rédíò àti kọ̀ǹpútà bá jọ ń mu iná l'ára ògiri. Kí wọ́n yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì lágbára. Ti tòkunbọ̀ sábà ti kú. Ó dáa, kí wọ́n fi òkúta Tiger Head sínú rédíò, kí kọ̀ǹpútà nìkan máa jẹ iná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ariwo náà ń dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wákàtí kan ni yóò gbà. Yóò sì gba nǹkan bíi megabáìtì 635 bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sí WAV, èyí tó pé. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá á wọ fláàṣì 16GB, àyè á tún ṣẹ́kù. Èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n dà á sí MP3, kí WAV wà nílé.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fọ ohùn bí ẹni ń fọ aṣọ. Wọ́n á yọ ariwo, yọ ariwo, títí wọ́n á fi yọ èémí ìyá àgbà pẹ̀lú. Kí wọ́n fi í sílẹ̀! Adìẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé l'ọ́jọ́ náà, ara ohùn náà ni.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ló wà fún etí gbogbo ayé. Orin awo wà, ọ̀rọ̀ ìdílé wà. Kí ẹni tó gba iṣẹ́ bi olórí ẹbí léèrè kó tó gbé ohunkóhun sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá ti wọlé tán, kí wọ́n kọ orúkọ sí i: ta ló ń sọ̀rọ̀, ìlú wo, ọdún wo, ayẹyẹ wo. "Track 1" kì í ṣe orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀dà kan wà l'ọ́wọ́ ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, òmíràn l'ọ́wọ́ èyí tó wà nílé. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an ńkọ́? Eyín méjì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ lókè. Kí ẹ tiẹ̀ tó gbé e jáde nílé rárá, ẹ fi ọ̀bẹ ṣẹ́ méjèèjì, kí ọmọdé kan má baà gba Fújì lé ìyá àgbà lórí.