Ìrẹsì Funfun àti Ẹ̀gbà Ẹsẹ̀ Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko,

Bí ẹ̀gbà bá mú arúgbó, kì í ya ènìyàn lẹ́nu púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ru àpò ẹ̀pà ní oṣù tí ó kọjá kò bá lè dìde nílẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé a máa wí pé ayé ni ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kan wà tí ó ń ti inú ìkòkò oúnjẹ wá. Beriberi ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1882, ọkọ̀ ogun Jàpáànù kan, Ryujo, gbéra lọ sí òkun jíjìn. Ènìyàn 376 ni ó wà nínú rẹ̀. Beriberi dá 169 wólẹ̀, 25 sì kú. Ìrẹsì funfun ni olórí oúnjẹ wọn. Dókítà Takaki Kanehiro bẹ̀bẹ̀ kí a fi ẹran, wàrà àti búrẹ́dì kún oúnjẹ ọkọ̀ kejì, Tsukuba, ní 1884. Kò sí ẹni tí beriberi pa nínú ọkọ̀ yìí.

Ní erékùṣù Jáfà, Dókítà Christiaan Eijkman ará Họ́láńdì rí i pé ẹsẹ̀ àwọn adìẹ rẹ̀ ń rọ. Ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí alásè tuntun dé, ó ní òun kò ní fi ìrẹsì àwọn ológun bọ́ adìẹ aráàlú. Wọ́n wá ń fún wọn ní ìrẹsì tí a kò bó dan, ara àwọn adìẹ sì yá. Ahun alásè náà ni ó ṣí ojú àwọn oníṣègùn! Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

Eérí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ èèpo ìrẹsì ni fítámì B1 wà. Ẹ̀rọ a máa gé e dànù kí ìrẹsì lè funfun, a sì ń kó eérí náà fún ẹran ọ̀sìn. Fítámì yìí ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára, ara kò sì lè tọ́jú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó fi ń tètè mú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ agbára tí kò sì rí nǹkan jẹ ju ìrẹsì lọ. Ní àkókò òjò ọdún 1988, beriberi jà ní Gáḿbíà, ó sì pa ènìyàn. Ilẹ̀ ẹ̀pà sì ni Gáḿbíà, bẹ́ẹ̀ ni fítámì B1 pọ̀ nínú ẹ̀pà!

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe ta ẹ̀pà àti ẹ̀wà yín tán pátápátá. Ẹ pa èyí tí ilé yóò jẹ di ìgbà òjò mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe rọ àgbẹ̀ kí ó gbá àká rẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó gbé ìrẹsì lọ sí ẹ̀rọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ sì sá a gbẹ. Fítámì náà yóò wọ inú hóró rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kò sì ní lè gé gbogbo rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá ń sè é jẹ, ẹ má ṣe da omi rẹ̀ nù.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni beriberi sábà máa ń mú: àtẹ́lẹsẹ̀ a máa ta gìrìgìrì, dídìde lórí ìlóṣòó a sì di iṣẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ yàtọ̀: òjijì ni ó ń dé, apá kan ara ni ó sì sábà máa ń mú. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń fa gbogbo ẹ̀gbà. Bí ó bá jẹ́ òjijì, tàbí bí ẹsẹ̀ bá wú tí èémí sì ń há, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ sì sọ fún dókítà ohun tí ó ti ń jẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn.