Bọ́tìnnì Eco, Normal àti Sport: Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe sí Ìyára Ọkọ̀ Onítọ́bò

Iṣẹ́ àwa olùbẹ̀wò kò mọ sí yíyẹ ìwé owó wò nìkan. Bí owó bá jáde nínú àpò ẹgbẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi í ṣe, kí a sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó jáde rárá. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ọjọ́ tí a lọ bẹ ẹgbẹ́ kan wò, ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wọn jókòó lórí ìwé ẹ̀bẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó jẹ́ olùkọ́. Owó pàjáwìrì ni ó fẹ́ yá. Ọkọ̀ kékeré onítọ́bò tí ó rà ní tòkunbọ̀ kò fà mọ́; bí ó bá tẹ epo, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò kí ó tó lọ. Mẹkáníìkì ti sọ fún un pé tọ́bò ti kú, kí ó lọ wá owó òmíràn. Onídùúró méjì ti fọwọ́ sí ìwé. A bi í léèrè ìgbà tí àìsàn ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ òun ti fọ inú rẹ̀ ni. Gbogbo wa bá jáde lọ wo ọkọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni a rí tí ó ń tàn ní àwọ̀ ewé níwájú awakọ̀: ECO. Ọmọ ti fi àkísà tẹ bọ́tìnnì láìmọ̀. A tẹ̀ ẹ́ padà sí Normal. Arákùnrin náà wa ọkọ̀ dé òpin àdúgbò, ó padà wá, ó gba ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì fà á ya.

Gbèsè ọ̀pọ̀ oṣù ni ìbá wọ̀ nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wa.

Kí ni tọ́bò?

Ohun méjì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ: epo àti afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé bí a kò bá fẹ́ ẹwìrì, iná kò lè mú irin pọ́n. Tọ́bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni ó ń fẹ́ ẹ. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń yí, ti èkejì náà á máa yí, á sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, a lè fi epo kún un, agbára á sì pọ̀ sí i.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ lórí èrò náà ní 1905. Ní 1962 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè rà, Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ẹ mọ̀. Àwọn àgbà wa rántí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Ìjàpá 1300, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lítà 1.3, agbára ẹṣin 44 ni ó ní. Golf ìran keje, tí Volkswagen kan náà gbé jáde ní 2012, ní irú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.4 tí ó sì ní tọ́bò. Agbára ẹṣin 122 ni òun. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n agbára ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkíní. Kì í ṣe tọ́bò nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ipa tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Àléébù kan wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, èéfín kò pọ̀, abẹ̀bẹ̀ kò sì lè yára. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ epo, ó di dandan kí èéfín kọ́kọ́ pọ̀ kí ẹwìrì tó fẹ́. Ìdádúró díẹ̀ náà ni a máa ń rí lára ọkọ̀ onítọ́bò. Ní ti Golf tí a dárúkọ yìí, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí tó ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára ìfà rẹ̀ tó pé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dé 4,000. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 1,400, ọkọ̀ kò tíì jí tán.

Kí ni bọ́tìnnì ń yí padà?

Láyé Ìjàpá, wáyà ni ó so ibi ìtẹ̀ epo mọ́ kábúrétọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ni ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń ṣí tó. Lónìí, kò sí wáyà yẹn mọ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kàn ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "brain box" ni. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu bí òun yóò ṣe ṣílẹ̀kùn tó. Bọ́tìnnì Eco, Normal àti Sport ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Èkíní, ọ̀rọ̀ epo. Ká ní ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Ní Eco, kọ̀ǹpútà á ṣe bí ẹni pé ẹ kò tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Sport, á ṣe bí ẹni pé ẹ tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ìdáhùn ni ó yàtọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ jíà, fún ọkọ̀ tí ń pa jíà dà fúnra rẹ̀. Ní Eco, ọkọ̀ á tètè bọ́ sí jíà òkè kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí jẹ́jẹ́, kí epo má baà lọ púpọ̀. Ní Sport, á dúró pẹ́ lórí jíà ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yára, èéfín á pọ̀, tọ́bò á sì ti wà lójúfò kí awakọ̀ tó béèrè agbára. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ onítọ́bò.

Ẹ̀kẹta, àwọn ohun kéékèèké. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, Eco á dín agbára ẹ̀rọ amúlétutù kù, Sport á sì mú kí ọwọ́ ọkọ̀ le díẹ̀ sí i. Ní ti Golf tí ó ní jíà DSG, bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo ní Eco, jíà á tú ara rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ó dára fún epo lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Èkìtì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń yí báyìí, ẹ́ńjìnnì kò bá a dá ọkọ̀ dúró; búréèkì nìkan ni ó kù.

Ohun tí bọ́tìnnì kò lè ṣe

Sport kò fi ẹṣin kan ṣoṣo kún ẹṣin 122 yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá tẹ epo dé ilẹ̀ pátápátá, ohun gbogbo tí ẹ́ńjìnnì ní ni kọ̀ǹpútà yóò tú sílẹ̀, ì báà ṣe Eco ni ẹ wà. Láti ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, Golf yìí ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 9.3. Ẹni tí ó bá tẹ epo dé ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín bọ́tìnnì kan àti èkejì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà láàárín, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń wakọ̀ lójoojúmọ́, ni ìyàtọ̀ ń hàn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ẹ wà lẹ́yìn tírélà lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, ẹ ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú ní kìlómítà 100. Ẹ̀yin méjèèjì ń súnmọ́ ara yín ní kìlómítà 180 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe mítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wà ní Eco, jíà wà lókè, tọ́bò sì ń tòògbé. Bí ọkọ̀ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré láti sọ jíà kalẹ̀ kí tọ́bò sì jí, mítà 100 ti lọ, bí gígùn pápá bọ́ọ̀lù, ẹ kò sì tíì kọjá tírélà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá, kí ó bọ́ sí Sport nígbà tí ó ṣì wà lẹ́yìn tírélà, kí ó jẹ́ kí jíà sọ̀kalẹ̀, kí ó sì wo iwájú dáadáa kí ó tó yà jáde. Bí ojú ọ̀nà kò bá mọ́, kí ó dúró. Kò sí bọ́tìnnì tí í fi kún ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ owó

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa ni ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó bá ń fi Sport wakọ̀ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ń sun epo lásán, nítorí gbogbo ìyára tí ó fi epo rà ni yóò fi búréèkì pa. Eco tọ́ sí ojú ọ̀nà títẹ́jú tí kò sí ìkánjú, Normal tọ́ sí ìgboro, Sport sì tọ́ sí òkè àti ìgbà tí a bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ mìíràn.

Ìmọ̀ràn fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò fà mọ́, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ ní kí ó ṣe ohun mẹ́rin yìí.

1. Kí ó wo iwájú ọkọ̀ bóyá ECO ń tàn, kí ó sì dá a padà sí Normal.

2. Ní ojú ọ̀nà tí ó ṣófo, kí ó tẹ epo dé ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fà dáadáa, ẹ́ńjìnnì kò ṣàìsàn.

3. Bí kò bá fà síbẹ̀, tàbí tí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì ń tàn, tàbí tí èéfín búlúù ń jáde, ọ̀rọ̀ di òótọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kí a sì rí èsì rẹ̀.

4. Kí ó mú iye owó àtúnṣe wá ní kíkọ sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ní tọ́bò, kí ó má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣeré. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá tọ́bò ń yí lé. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tí ó jẹ́ ayédèrú, ọ̀pá á jẹ. Bí ẹ bá ti sáré púpọ̀ dé ilé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á.

Owó tí ó wà nínú àpò alájẹṣẹ́kù, òógùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè kí a tó yá a, kí àwọn onídùúró náà sì máa béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. A ó tún máa rí ara wa nígbà ìbẹ̀wò. Ẹgbẹ́ wa kò ní túká o.