Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Jí Oorun Yín Gbé

Ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí ní ojú ewé ìkẹyìn. Bí ẹ bá kà á dé ibẹ̀, ẹ óò ká a nílẹ̀. Facebook, Instagram àti TikTok kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006 ni Aza Raskin ní Amẹ́ríkà hùmọ̀ ọgbọ́n tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti ń fi ìka ti ojú fóònù sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun ń yọ. Ẹni tí ó bá ní kí ó tán kí òun tó sùn, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a.

Ó yẹ kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7. Bí ara bá ń wúwo láràárọ̀, tí ẹ ń tètè bínú, tí ọmọ ń pè yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbọ́, ẹ tètè wá nǹkan ṣe.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Pennsylvania ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fi ìṣẹ́jú 10 péré lójúmọ́ wo Facebook, ìṣẹ́jú 10 Instagram, ìṣẹ́jú 10 Snapchat. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ìdáwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn dín kù.

Ẹ̀yin náà, ẹ dá àkókò fún un. Ẹ pa gbogbo ohùn tí ń pè yín sí i. Ti ìpè nìkan ni kí ẹ dá sí. Lálẹ́, ẹ máa cháàjì fóònù ní pálọ̀, kí ẹ ra aago tí ń jí ni sí yàrá. Kí bàbá àti ìyá kọ́kọ́ ṣe é, nítorí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ òbí ni í ṣe. Bí oorun kò bá wá síbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.