Oúnjẹ Òkè-Ògùn àti Àwọn tí Ó Ń Gbìn ín

Bí ẹnikẹ́ni bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí nígbà ìkórè, kì yóò ṣe aláìrí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí a di iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ sí dé òkè, tí wọ́n ń sáré lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn àti sí Èkó. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé láti ilẹ̀ ọ̀dàn yìí ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń wá. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé, àwọn tí ó gbìn ín ńkọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ nígbà tí àká bá ti ṣófo, tí iṣu tuntun kò sì tí ì ta?

Àgbẹ̀ tí kò ní owó lọ́wọ́ kò lè dúró de ọjà. Ní ọjọ́ tí ó bá kórè ni owó ilé ìwé ọmọ ń dúró dè é, àti gbèsè oògùn, àti owó alágbàṣe. Nítorí náà ni ó ṣe ń ta àgbàdo rẹ̀ ní àkókò tí gbogbo ayé ń tà á, tí iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Nígbà tí ó bá di oṣù Kẹfà, òun náà a gbé igbá lọ sí ọjà láti ra irú èyí tí ó tà, ní iye tí ó ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì. Ilé a di àmàlà ní òwúrọ̀, àmàlà ní alẹ́, ọbẹ̀ a sì fúyẹ́. Ikùn ọmọ kún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò jí pépé, nítorí pé ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú àwo nígbà tí ọwọ́ bá há. (A kò gbọdọ̀ gbàgbé wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín darandaran àti àgbẹ̀, tí wọn kò sì lè wọ ìlú mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rí ohun mìíràn tí owó rẹ̀ ká láti fi rọ́pò rẹ̀.)

Àwọn baba wa kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ mélòó kan a máa lọ sí oko ara wọn ní ẹsẹẹsẹ. Iṣẹ́ tí a bá ṣe fún ẹnìkan lónìí ni òun náà yóò ṣe fún olúkúlùkù àwọn ìyókù nígbà tí ó bá kàn wọ́n. Kò gba owó, a kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ọlá baba rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ni yóò bọ́ àwọn àna àti ọ̀rẹ́ tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn a máa yin ọ̀wẹ̀ jù, nítorí orin àti ẹmu rẹ̀. Lójú tiwa, àáró ni ó gbé tálákà ró jù, nítorí ẹni tí kò ní ewúrẹ́ tí yóò pa kò lè bẹ ọ̀wẹ̀ tí ó lórúkọ.

Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, Òkè-Ògùn kì í sì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Ọdún 1982 ni iṣẹ́ ìdàgbàsókè oko fún ìhà àríwá Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó Báǹkì Àgbáyé, tí a fi ibùjókòó rẹ̀ sí Ṣakí, kí ó tó di ti gbogbo ìpínlẹ̀ ní 1989. Irúgbìn dé, ọ̀nà oko sì dé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí àgbẹ̀ yóò tà á kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan ní kí ìjọba dá iye lé oúnjẹ. A ti rí i rí. Nígbà ogun Hitler, láti ọdún 1941, òyìnbó kan tí à ń pè ní Pullen ni a fi ṣe olórí ètò tí ó dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó. Iye náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi sá kúrò ní ojú ọjà lọ sí ìkọ̀kọ̀, níbi tí ó ti wọ́n jù. Alimọtu Pẹlẹwura, olórí àwọn obìnrin ọjà, kọ̀ láti bá wọn ṣe é, nígbẹ̀yìn ìjọba sì pa á tì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tí ó ju 40 nínú 100 lé ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún náà, a pe àwọn ọmọdé sí ibi àríyá kan ní Báṣọ̀run, Ìbàdàn. Èrò ju àyè lọ, ọmọ 35 sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abùjá àti Òkijà níbi tí a ti ń pín oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì kúrò ní ọkàn wa. Àánú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò mọ̀ bóyá yóò kan òun kí ó tó tán.

Nítorí náà ni ó ṣe wù wá kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ gbìyànjú èyí: kí wọ́n dá owó jọ bí èésú, kí wọ́n ra àgbàdo àti ẹ̀wà nígbà ìkórè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú wọn, ní iye tí kò rẹ́ wọn jẹ, kí wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹfà, kí a fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n fún gbogbo ènìyàn, opó ni kí ó kọ́kọ́ gbà. Kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí ó máa dún bí a bá fi eyín fọ́ ọ. Kí a dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí a dé pinpin, nítorí kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn apakòkòrò sí i. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré irú rẹ̀, nítorí ewu rẹ̀. Kí àgádágodo àká jẹ́ méjì, kí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.