Àpótí Ẹja Tòkunbọ̀: Ẹ Má Kánjú Bu Omi Sí I

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti ìpàdé ọdún. Ọ̀rọ̀ àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja àti ewéko omi sí ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ owó ni òun náà.

Ìyá aláṣọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin níhìn-ín. Ó gba ẹ̀yáwó, ó fi ra àǹkárá àti léèsì kún ìsọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́, ó rí àpótí ẹja tòkunbọ̀ kan rà lówó pọ́ọ́kú. Ó ní bí òun bá gbé e síwájú ìsọ̀, àwọn oníbàárà yóò máa yà wò ó. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbé e délé náà ló bu omi kún un. Nígbà tó di òru, oríkèé gíláàsì kan là, omi ya jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àǹkárá tó wà nísàlẹ̀ ti rin gbindingbindin, àwọ̀ wọn ti ran ara wọn.

Nígbà tó wá bá wa, ó ní ààtàn ni òun ń gbé àpótí náà lọ. A ní, “Ìyá, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.”

A wọn àpótí náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Bí omi bá kún un, ó tó lítà 255. Lítà omi kan sì wọn kílò kan. Àpò sìmẹ́ǹtì 5 kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, a ò tíì ka gíláàsì àti yanrìn mọ́ ọn. Ṣé ẹ mọ ibi tí ìyá wa gbé e kà? Orí bẹ́ǹṣì tó ń kó aṣọ lé! Bẹ́ǹṣì tẹ̀ láàrin, gọ́ọ̀mù tó ti gbó kò lè dì í mú mọ́. Nítorí náà, káfíńtà ni a kọ́kọ́ ké sí, kí ó kan tábìlì tó dúró gbọn-in, tí orí rẹ̀ tẹ́jú.

Lẹ́yìn èyí ni a kojú gọ́ọ̀mù. Silicone ni wọ́n ń pè é. Tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí náà a fi bíléèdì ha gbogbo ti àtijọ́ tó wà nínú kúrò, a fi sípírítì nu ojú rẹ̀, a sì fi tuntun sí i. Ẹ ṣọ́ra o: èyí tí wọ́n fi oògùn èbu sí fún ilé ìwẹ̀ lè pa ẹja. Èyí tí wọ́n kọ àpótí ẹja sí lára ni kí ẹ rà. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, títí òórùn bíi ti fínígà fi lọ pátápátá.

Fún ìdọ̀tí funfun tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ni a fi pa á. A kò lo ọṣẹ rárá. Nígbà tí a ṣan ìyẹn kúrò tán, a fi Jik ìwọ̀n kan nínú omi ìwọ̀n 20 fọ̀ ọ́, a ṣan án léraléra, a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe po Jik pọ̀ mọ́ ọsàn tàbí fínígà láéláé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pa ènìyàn.

A wá gbé e síta, a tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, a bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 2. Ìwé náà kò tutù. Inú wa dùn.

Ó wá ku ewéko. Lọ́dún 1850, ọ̀gbẹ́ni kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Robert Warington, fi hàn pé ẹja àti ewéko lè jọ gbé inú omi kan pẹ́: ewéko ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi, ìgbẹ́ ẹja sì ń di ajílẹ̀ fún ewéko. Àjọṣe ni, bíi ti ẹgbẹ́ wa.

A da yanrìn odò tí a fọ̀ dáadáa sí i, ó nípọn tó íǹṣì 3. A gbin òṣíbàtà kékeré sínú yanrìn, a sì jẹ́ kí ojú oró díẹ̀ léfòó lókè. A ń dín ojú oró kù lóòrèkóòrè, kí ó má baà gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ lójú. Ẹ̀kẹta ni Anubias barteri, tí a rà l'Ékòó. Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti ń hù lára òkúta etí odò. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko tó bá Dókítà Baikie gòkè odò Ọya lọ́dún 1857. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò náà. Barter kú sí Rabba lọ́dún 1859. Ẹ má ri ìdí ewéko yìí mọ́lẹ̀, yóò rà. Òwú ni kí ẹ fi so ó mọ́ òkúta.

Ẹni tó bá fẹ́ já ewéko nínú odò, kí ó wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará abúlé tó yí adágún Ọyán ká, lọ́nà Abẹ́òkúta, mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹ ṣa ìgbín kúrò lára ewéko, kí ẹ sì fi í sínú garawa fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ìyá wa wá ní, “Ẹ jẹ́ ká kó ẹja sí i lónìí.” A ní ó tì o! Ta ni kò mọ gàrí Ìjẹ̀bú láàrin wa? Ẹni tó bá kánjú yan án kí ẹ̀gẹ́ tó kan, gàrí lásán ló yan. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń mú un kan. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ nínú àpótí, kí wọ́n lè máa jẹ májèlé tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹja. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. A ń ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i lójoojúmọ́ kí kòkòrò lè rí nǹkan jẹ. A fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Gílóòbù ń tàn sí i fún wákàtí 8, a sì gbé e jìnnà sí oòrùn, nítorí oòrùn ní í mú kí èérí aláwọ̀ ewé bo gíláàsì.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 6, a kó ẹja 4 sí i: Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré aláyà pupa, ọmọ odò ìsàlẹ̀ Nàìjíríà wa níbí ni. Ọ̀kan kò kú.

Àpótí náà wà níwájú ìsọ̀ báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ń yà wò ó, àwọn ìyá wọn ń tẹ̀ lé wọn wọlé. Ṣùgbọ́n gbèsè aṣọ tó bàjẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fi oṣù 3 kún àkókò tí ìyá wa yóò fi san án. Owó tí a ná sórí àtúnṣe kò tó owó àǹkárá tí omi bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ dán an wò níta kí ẹ tó gbé e wọ ìsọ̀.