Òótọ́ àti Irọ́: Òtútù Oṣù Kẹjọ ní Accra

Irọ́ ni pé ẹni tó bá ń gbé létí òkun, òjò ò lè wọ́n ọn. Etí òkun kan náà ni Axim àti Accra wà. Òjò Axim lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ. Ti Accra kì í sáábà kọjá 800. Ẹ gun òkè Akuapem tó wà nítòsí, ẹ ó bá igbó dúdú àti oko kòkó. Ní Mampong lórí òkè yẹn ni Tetteh Quarshie gbin kòkó tó mú bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po sí lọ́dún 1879. Ká ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra ló gbìn ín sí ni, bóyá la ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Òkun gan-an wà lára ohun tó ń lé òjò. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gba orí omi yẹn kọjá á tutù, á wúwo, kò ní lè gòkè débi tí yóò ti di òjò. Ojú ọjọ́ á ṣú láàárọ̀, àwọn èèyàn á wọ súwẹ́tà, ilẹ̀ á ṣì gbẹ táútáú.

Àwọn kan ní ọyẹ́ ni. Rárá o. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń wá, nígbà ọdún Kérésì, òun ló ń mú kí ètè là.

Irọ́ mìíràn ni pé òtútù ló ń ba àgbàdo jẹ́. Ní Iceland, erékùṣù àríwá, òtútù lè dí àgbẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́: inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ mú móoru ni wọ́n ti ń gbin tòmátò. Ṣùgbọ́n òtútù Accra kì í sáábà lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 20 Celsius. Kí ni ìyẹn máa fi àgbàdo ṣe? Àìrọ̀ òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbin kábéèjì ní Dzorwulu ní Accra fi ń gbé garawa ìbomirin méjì-méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Àwọn Gã ní tiwọn ti ń gbin àgbàdo ọdún Homowo wọn láti oṣù karùn-ún, wọ́n á ka ìlù léèwọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, àgbàdo ti gbó.

Omi tútù yìí kan náà ló ń gbé oúnjẹ ẹja jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ìgbà náà ni ṣáwá ń ya wọ etíkun lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn obìnrin Jamestown ní Accra á yan án. Èyí tó bá gbẹ dáadáa á ṣẹ́ kù di ìgbà tí ẹja bá wọ́n.