Kí ló ń rùn nínú AC ọkọ̀ yẹn?

Ẹni tó bá ti wọ Sienna láti Ìjerò lọ sí Àrámọ̀kọ nígbà ọyẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Awakọ̀ á tan AC, atẹ́gùn tó máa kọ́kọ́ jáde á rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ. Awakọ̀ á fọ́n pẹ́fúùmù sí ojú ihò atẹ́gùn, ó gbà pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò parí o. Òórùn méjì lẹ wá ń fà símú báyìí.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní motorhome. Ó ní ibùsùn, ó ní ibi ìdáná. Àwọn tó ni ín kì í fi fífọ ihò atẹ́gùn rẹ̀ ṣeré, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ awakọ̀ tó wà nídìí sítíárì láti àárọ̀ títí di alẹ́, ilé wo ló tún ń gbé jùyẹn lọ? Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ gbé omi inú ọ̀rá tó tutù sórí tábìlì. Kò ní pẹ́ tí omi á fi máa sẹ̀ lára ọ̀rá náà. Kì í ṣe pé ó ń jò. Ọ̀rinrin inú atẹ́gùn ló kan ohun tútù, ló bá di omi. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Irin alumíníọ̀mù kan wà níbẹ̀ tó fún mọ́ ara bí eyín òòyà, evaporator ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tutù, àárín rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà kọjá. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tí AC bá wà ní títàn, ara rẹ̀ ló ti sẹ̀.

Ẹ wá fi eruku kún un. Ní apá ibí yìí, eruku ò wọ́n wa. Èyí tó pupa lójú títì tí kò ní ọ̀dà, ìpẹtà irin tó wà nínú ilẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa. Èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá, láti Sàhárà ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi kan tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ní Ìjerò, tí wọ́n ti ń wa tantalite, feldspar àti kaolin, eruku òkúta tún wà, quartz sì wà nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fa eruku quartz símú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ mọ́. Àwọn tó ń wa kùsà ni mò ń bẹ̀rù fún jù níbẹ̀, kì í ṣe èrò ọkọ̀.

Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ irin tútù tó lómi lára di oúnjẹ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ẹbí olú, irú èyí tó ń hù sórí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ohun tó fi ń tàn kálẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000: irun orí yín fẹ̀ tó bí 70 nínú rẹ̀, èyí kì í sábà ju 10 lọ. Ẹni tó bá ní asthma lè bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun kejì rèé, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ronú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kọ́nà lórí kọ́nà, òjò ń rọ̀, èrò méje ń mí nínú ọkọ̀ tó tì pa. Dígí iwájú á fọ́. Láti mú kó mọ́ kíá, atẹ́gùn tí AC ti fa omi inú rẹ̀ jáde ni kó fẹ́ sí i. Tí eruku bá ti dí ọ̀nà yẹn, tówẹ́ẹ̀lì ni awakọ̀ á máa fi nu dígí, ọwọ́ kan ṣoṣo lórí sítíárì.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni fítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó wà lẹ́yìn pigeon hole, bébà tí wọ́n ṣẹ́ po bí abẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe fítà ẹ́ńjìnnì o. Ìyẹn, mẹkáníìkì kì í gbàgbé ẹ̀. Èyí tí ẹ̀dọ̀fóró yín ń lò ni wọ́n ń gbàgbé. Tí ó bá ti dúdú, ẹ má fọ̀ ọ́. Omi máa ba bébà náà jẹ́, ẹ ra tuntun. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú ihò atẹ́gùn, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Àwọn kan máa ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹ́ táyà, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ihò yẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Eruku á kàn sá wọ inú lọ ni, tàbí kó padà sí yín lójú.

Fún evaporator, fóòmù tí wọ́n ṣe fún un wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ AC ṣe fi sí i. Ẹ má fi Hypo sí i láéláé: ó ń jẹ alumíníọ̀mù, ẹ̀yin náà lẹ ó sì fa òórùn rẹ̀ símú. Ẹ tún bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Tí AC bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọyẹ́, tí omi ò kán rárá, ó ṣeé ṣe kí ihò omi ti dí.

Èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀: tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ délé, ẹ pa AC, kí fáànù máa fẹ́ lọ. Irin yẹn á gbẹ, ohun tó ń hù lára rẹ̀ ò ní rí omi mu.

Fítà tuntun ò lè gba carbon monoxide dúró o. Gáàsì ni, kò ní òórùn, èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e wá, ó sì máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Awakọ̀ tó bá fẹ́ sùn díẹ̀ ní gáréèjì, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí fèrèsé, ooru yòówù kó mú.